Tòlótòló Tí A Là Láti Ẹ̀yìn

Ọwọ́ Ọlábọ̀dé ti kú tipẹ́ nínú òtútù, síbẹ̀ ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró. Láti òwúrọ̀ ló ti ń la tòlótòló Kérésìmesì ní ìsọ̀ alápatà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò gbójú sókè nígbà tí obìnrin kan fi èdè òyìnbó sọ pé kó má ṣe la tòun láti àyà, ẹ̀yìn ni kó ti là á.

Ọ̀bẹ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Ọlábọ̀dé ṣe máa ń la ẹja tó bá fẹ́ yan ní Òde Ugbò, létí òkun. Ó sì mọ ohùn náà.

"Màríà?"

Obìnrin náà di tábìlì mú. "Ọlábọ̀dé! Ọmọ Ugbò, o fi omi sílẹ̀ wá ń gé adìẹ òyìnbó?"

"Epo rọ̀bì ti pa ẹja wa. Kí ni ǹ bá máa gé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Nígbà kan ní Ayétòrò, ìlú onígbàgbọ́ létí òkun níbi tí wọ́n ti bí Màríà, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Bàbá Màríà ní ẹni tí kò sí nínú Ìjọ àwọn kò lè fẹ́ ọmọ òun. Ọlábọ̀dé dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Bàbá náà lé e bí ajá.

"Ta lo fẹ́ yan tòlótòló yìí fún?"

"Bàbá mi. Òkun gbé ilé wa lọ, mo sì mú wọn wá. Wọn kì í jẹ ẹran ibí àfi tí mo bá yan án. Lọ́dún tó kọjá, èéfín mi lé gbogbo ará ilé síta. Panápaná dé!"

"Ọkọ rẹ kò bá ọ pa iná?"

"Ọkọ wo?" Omi lé sí i lójú. "Mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni, Bọ̀dé mi. Ó ti rẹ̀ mí. Wá bá wa jẹun lọ́la."

"Mi ò tún ní dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá rẹ láé."

"Ta ní kí o bẹ̀bẹ̀? Àwọn gan-an ló ń béèrè rẹ. 'Ọmọ Ugbò yẹn, ṣé ó ṣì wà láyé? Mo ṣe àṣejù sí i.' Ìbínú ti rẹ̀ wọ́n, olólùfẹ́ mi. Ìwọ nìkan ló kù tó ṣì ń bínú."

Ọlábọ̀dé la tòlótòló náà láti ọrùn dé ìdí, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó fi iyọ̀ pa á. Ó kó ẹ̀dọ̀ àti iwe sínú ọ̀rá, torí kì í fi nǹkan ṣòfò. Màríà nawọ́ láti gbà á.

"Fi sílẹ̀, ó wúwo."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ara ìṣó, ó gbé ẹrù náà.

"Máa lọ níwájú," ló wí. "Mi ò mọ ilé yín."