Gbẹ́gi Lẹ́yìn Fèrèsé Bàbá

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn ní kó lọ wo ẹ̀yìnkùlé ilé náà. Ọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ti rí i kò pọ̀, kò sì sí ọ̀mùtí nínú wọn àfi káfíńtà àdúgbò, òun náà kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu lọ́jọ́ tó rí i.

Ọmọbìnrin kan ló ń gbé ilé náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ìyá Koríko ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì bí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe koríko, ìbáà ṣe ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rin igbó, odàn àti irà, kó máa wo àwọn ewéko tó ń gbé pọ̀ níbẹ̀, kó sì fún ibẹ̀ lórúkọ. Á fi okùn pààlà igun mẹ́rin sórí ilẹ̀, á wo ewéko tó pọ̀ jù láàárín okùn náà, tó borí àwọn yòókù. Èyí ni wọ́n ń pè ní baálé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ irà, tí èèsún sì jẹ́ baálé, Irà Eléèsún lorúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ adágún tí ojúoró bò, Adágún Olójúoró ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa bi í pé ṣé àwọn ewúrẹ́ kò tíì pè é lẹ́jọ́.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Rírìn ni Bàbá fi ayé rẹ̀ ṣe. "Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́," a máa wí, a sì fi kún un pé òun ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún, tòun tìyàwó rẹ̀. Àfìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Láti ìgbà náà, orí ibùsùn ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí irà ńlá kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń wọlé nírọ̀lẹ́, kó tó bọ́ bàtà, Bàbá á ti béèrè láti inú yàrá pé:

"Ta ni baálé ibẹ̀?"

"Bẹẹrẹ ni, Bàbá."

"Bẹẹrẹ kẹ̀? Nígbà tèmi, èèsún ló wà lórí oyè. Ìjọba ti yí padà nìyẹn."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀rín yìí ju oúnjẹ alẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì lẹ́gbọ̀n, kò lábúrò. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé yìí, pé lọ́jọ́ kan òun á wọlé, òun ò sì ní gbọ́ ìbéèrè náà mọ́.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé, ó rí gbẹ́gi lábẹ́ fèrèsé Bàbá.

Ẹ mọ gbẹ́gi. Koríko kúkúrú ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì le. Ojú ọ̀nà ni ilé rẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti tẹ àwọn koríko yòókù pa, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti ń dára. Bí ẹsẹ̀ bá sì kúrò, àwọn tó ga jù ú lọ á bò ó mọ́lẹ̀, á kú. Kì í jẹ baálé níbi tí ènìyàn kì í rìn. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá fi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Gbẹ́gi yìí kò fẹ̀ ju kí ènìyàn kan gba orí rẹ̀ kọjá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó wọ inú irà lọ, ó la àárín èèsún kọjá. Irà tí ajá ń rì sí.

Olè ló kọ́kọ́ rò. Ó pe káfíńtà wá wò ó.

"Olè wo ni yóò gba inú irà wá?" ni káfíńtà wí. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́. Ó fi èkejì kún un. Kò rì. Ó yára padà sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ìyá Koríko, ọ̀nà tó ti gbó nìyí o. Ta ní ń rìn ín?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò fẹ́ mọ̀," ni káfíńtà wí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà gba ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le gbagidi. Omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì. Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Láàárín gbùngbùn irà, ọ̀nà náà dúró. Kò yà síbì kan, kò sì fẹ̀ sí i. Èèsún ga níwájú rẹ̀, kò sí ewé kan tó ṣẹ́ níbẹ̀. Ó yíjú, ó padà sílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ yàrá láti fọ ẹsẹ̀ Bàbá, bó ti máa ń ṣe. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò tẹ ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó ti rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó kéré tán, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ó fọwọ́ kàn án lọ́tẹ̀ yìí, ó le. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti là. Ẹrẹ̀ dúdú wà láàárín ọmọ ìka.

Ó fọ ẹrẹ̀ náà kúrò. Omi inú abọ́ dúdú.

"Bàbá, ibo lẹ lọ?"

Bàbá kò la ojú. "Mi ò tíì débẹ̀," ló wí.

Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Àwọn àkèré ń ké nínú irà bí èrò ọjà tó ń nájà. Bàbá sùn, ó ń mí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àkèré tó wà lábẹ́ fèrèsé dákẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń lọ, díẹ̀díẹ̀, ní ìlà kan gbọọrọ, ó ń jìnnà sí ilé, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń rìn láìkánjú. Àwọn tó kù lọ́tùn-ún àti lósì ṣì ń ké. Ó wo ojú Bàbá. Ó wo ọwọ́ tó dì mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe ẹ̀rù iwin. Ó ń bẹ̀rù pé bàbá òun ń lọ.

Ní kùtùkùtù, ó bẹ káfíńtà kó fi pákó kan fèrèsé náà pa. Káfíńtà kàn án, kò béèrè nǹkan kan, ìṣó tó lò sì pọ̀ ju èyí tí fèrèsé nílò lọ.

Ó ṣiṣẹ́. Àwọn àkèré ń ké láìdákẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Lẹ́yìn ilé, gbẹ́gi ń pọ́n, èèsún ń tẹ orí bọ̀ lórí ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà ì bá yọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹun dáadáa mọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó wọlé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó dúró, ó dúró. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan.

Ó sáré wọ yàrá. Bàbá wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Pákó ló ń wò.

Ọmọbìnrin náà sunkún. Ẹ̀yìn náà ló wá òòlù, ó tú pákó náà fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn irà wọlé.

"Bàbá, ẹ máa lọ pẹ̀lẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ máa padà wá."

Bàbá wo ojú rẹ̀ pẹ́.

"Ta ni baálé ibẹ̀?" ló béèrè.

Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ, ṣùgbọ́n ó béèrè. Ó ń béèrè lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì tún là. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó kú sójú oorun rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì lẹ́rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló fọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Wọ́n sin ín.

Òjò rọ̀ títí. Gbogbo koríko ga. Ọmọbìnrin náà ń retí kí èèsún bo ọ̀nà náà, nítorí ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ ti lọ. Èèsún kò bò ó. Gbẹ́gi tutù yọ̀yọ̀, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, bíi ti ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́. Ó tẹ̀ lé e lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀nà náà ti kọjá ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Ó ń lọ. Ó wo iwájú, kò rí òpin rẹ̀, ó sì padà.

Wọ́n rán an láti ibi iṣẹ́ pé kó fún irà náà lórúkọ. Irà Eléèsún ló pè é. Ti ọ̀nà náà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọlé, ó kọjá sínú yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó sórí ibùsùn tó ṣófo. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Àwọn àkèré ń pariwo. Ní ọ̀nà jíjìn réré nínú irà, ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ilé, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Ó dé ìdí èèsún. Ó dé ibi okùn aṣọ. Ó dé abẹ́ fèrèsé, ó sì dúró.

Kò gbọ́ ohùn kankan. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nǹkan tó wà níbẹ̀ dúró bí ẹni tó ti béèrè ọ̀rọ̀, tó ń retí èsì.

"Èèsún ni, Bàbá," ló wí. "Ìjọba kò tíì yí padà."

Ó pẹ́ díẹ̀. Àkèré kan ké lábẹ́ fèrèsé. Òmíràn dá a lóhùn.

Ìgbà náà ló tó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀.