Ẹni Tó Ń Kọrin Nísàlẹ̀ Àtẹ̀gùn

Orin ni Ṣùkúrátù kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí olórin. Ó yọrí lójú fèrèsé òkè kẹta, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ọkùnrin dúdú kan tó ń dán bí ìṣáásùn tuntun. Ọkùnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó to ọ̀pá méjì tó fi ń rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń fi ohùn dídùn kọ ọ́ pé:

"Ẹ̀yin ará òkè, ẹ kú iṣẹ́ o,
Ẹ ní kí arọ wá gbaṣẹ́,
Ẹ wá gbé iṣẹ́ náà sójú sánmọ̀!
Ṣé kí n fò bí ẹyẹ ni, àbí kí n máa lọ sílé?"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa Ṣùkúrátù. Lẹ́yìn náà, ojú tì í. Ọ́fíìsì ìwáṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Pápá Àjàó, àwọn tí iṣẹ́ ń sá fún ni wọ́n torí wọn dá a sílẹ̀: adití, arọ, opó tó ń dá tọ́mọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé. Odidi ọdún méjì ló fi ń gun àtẹ̀gùn yẹn láràárọ̀, kò rò ó rí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń dúró dè lókè kò lè gòkè. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ó mú fọ́ọ̀mù, ó mú bírò, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà."

"Èmi? Ẹni tó ń bínú kì í kọrin. Àkàngbé lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Muṣin níbí ni wọ́n bí mi sí. Máṣíìnì ìránṣọ ni mò ń tún ṣe."

"Ìwé ńkọ́? Ẹ ní sàtífíkéètì?"

"Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Àmọ́ máṣíìnì kankan ò bi mí ní sàtífíkéètì rí."

Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, Ṣùkúrátù ti ní kí wọ́n bá òun gbé tábìlì òun sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu àtẹ̀gùn. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí, figbe ta lókè.

"Ṣùkúrá! Ṣé o fẹ́ sọ ọ́fíìsì mi di ìsọ̀ ni?"

"Ọ̀gá, ẹ yọjú wo ìlà ná."

Rótìmí yọjú. Agogo mẹ́sàn-án ò tíì lù, èèyàn méjìlá ti tò, àwọn tí ojú rẹ̀ ò rí rí. Nígbà tó yá, òun náà gbé àga tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Àkàngbé ti kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ tán, síbẹ̀ kò yé wá.

"Kí lo tún gbàgbé lónìí?" Ṣùkúrátù á bi í.

"Mo gbàgbé bí ojú rẹ ṣe rí. Jọ̀ọ́, gbé e sókè kí n tún un wò."

Ṣùkúrátù á bú sẹ́rìn-ín, á sì gbójú sókè lóòótọ́. Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò kí i káàbọ̀.

Ìyá Ṣùkúrátù, Àlàájà Àmúdàtù, ń ta jálàbíà, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Mi ò kọ ẹsẹ̀ ẹ̀ o. Ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò. Kó lọ ríṣẹ́ tó dúró ná, kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Ṣùkúrátù bá kánjú. Màdáámù kan wà ní Sùúrùlérè, Motọ́lání, tó ní ilé ìránṣọ tó kún fún máṣíìnì. Ṣùkúrátù kọ lẹ́tà sí i láìjẹ́ kí Àkàngbé mọ̀: ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fojú àánú wò ó, arọ ni, kò ní olùrànlọ́wọ́. Bó ṣe máa ń kọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Motọ́lání gbà á. Ó fi í jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ó ní kó máa gé òwú tó bá yọ lára aṣọ. Ní ọjọ́ kẹta, Àkàngbé bèèrè ìgbà tí òun máa fọwọ́ kan máṣíìnì.

"Máṣíìnì kẹ̀? Nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe gbà ọ́," ni Motọ́lání wí, ó sì na lẹ́tà sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Àkàngbé gbé lẹ́tà yẹn sórí tábìlì Ṣùkúrátù.

"Iṣẹ́ ni mo ní kí o bá mi wá, Ṣùkúrá. Sàárà lo lọ bá mi tọrọ."

Ó yíjú padà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò gbé fóònù, kò sì wá.

Ṣùkúrátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó nu ojú tán, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ka ẹ̀dà àwọn lẹ́tà tó ti kọ. Àánú, àánú, àánú. Kò sí ọ̀kan tó sọ ohun tí ẹnì kan mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ọ̀gá," ó sọ fún Rótìmí, "ẹ jẹ́ ká má kọ lẹ́tà mọ́. Kí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ gbé iṣẹ́ tó bá le jù fún wọn wá síbí, kí wọ́n fojú ara wọn rí ọwọ́ tó ń ṣe é."

Rótìmí gbà. Wọ́n fi í sí ọjọ́rú. Ọjọ́ ìṣẹ́gun ni Ṣùkúrátù wá Àkàngbé lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Àkàngbé ń ta epo sí máṣíìnì, kò wojú rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Àkàngbé."

Ó tún ta epo sí i.

"Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Máṣíìnì kan ló ń bọ̀ lọ́la, tó ń wé etí aṣọ. Èèyàn mẹ́ta ti tún un ṣe tì."

Ọwọ́ Àkàngbé dúró. "Irú máṣíìnì wo?"

Háà, ọkùnrin!

Ní ọjọ́rú, ẹnu àtẹ̀gùn kún dẹ́múdẹ́mú. Adití kan ń gé bùbá láìwọ̀n ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ẹní fọ̀bẹ gé bọ́tà. Opó kan ń dáhùn fóònù mẹ́ta láìṣi orúkọ ẹnì kan. Àwọn tó kù ń kọrin bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ tiwọn:

"Ọwọ́ mi rèé, ẹ wá wò ó,
Àánú kọ́ ni mo wá gbà,
Iṣẹ́ ni mo wá ṣe o!"

Motọ́lání ló gbé máṣíìnì tó ń wé etí aṣọ wá. Àkàngbé fetí tì í, ó fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò bàjẹ́. Àwọn tó tún un ṣe ló bà á jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sí i ti gùn jù, ó ti gbá ìkọ́ ìsàlẹ̀ wọ́."

Kó tó tó àsìkò tí àkàrà fi ń jinná, máṣíìnì ti ń sáré bí ẹṣin.

"O ò sọ fún mi pé o mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí," ni Motọ́lání wí.

"Ẹ ò bi mí, mà."

Motọ́lání bojú wolẹ̀. "Ọ̀gá Àkàngbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá máa tọ́jú gbogbo máṣíìnì mi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́."

Àkàngbé sọ ọ́, kò fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ọ́ rárá. Motọ́lání gbà.

Lẹ́yìn èrò, Àlàájà Àmúdàtù tó ní òun kàn ń kọjá lọ ń fi ìborùn nu ojú. "Ọwọ́ tí mò ń wí nìyẹn," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ní kó wá kí mi ní Jímọ̀."

Ní ọjọ́ yìgì, Àfáà bi ìyàwó léèrè ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ ní sàdáàkì.

"Àlùkùránì kan," ni Ṣùkúrátù dáhùn. "Àti nǹkan kan sí i. Bí mo bá tún ṣẹ̀ ẹ́, kó sọ ọ́ sí mi lójú, kí oúnjẹ tó tutù. Kó má dákẹ́ mọ́ mi lórí mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìjọ́sí, díẹ̀ ló kù kó pa mí."

Ilé rẹ́rìn-ín. Àfáà yíjú sí ọkọ. "Àkàngbé, ṣé o gbà?"

"Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sì bẹ̀rẹ̀ lójú yín: ìrẹsì tó gbé wá fún mi lánàá, iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Ṣùkúrátù wí. "Kí ló dé tí o wá jẹ ẹ́ tán?"

Àkàngbé wò ó títí.

"Ìwọ lo sè é."