Ìlà Tó Wà Lára Ibùsùn

Pákó kan tó wọ́ ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, lọ́jọ́ tí èmi àti káfíńtà náà kọ́kọ́ fojú kan ara wa. Ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ó ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ó gbá èérún igi inú rẹ̀ jáde, ó wá ń fi àbẹ́là pa ojú irin tí pákó ń gbà kọjá. Mo bi í pé ṣé kò ní ṣáná sí àbẹ́là náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí pákó lè máa yọ̀ lórí irin ni.

Kí oṣù tó parí, èmi ni mò ń bá a fi àbẹ́là pa irin náà. Ayọ̀ mi ló ń pè mí. Ó ní ìṣó nìkan ni kí n ṣọ́ra fún: bí abẹ ẹ̀rọ bá jẹ ìṣó, ẹnu rẹ̀ á kán, gbogbo pákó tó bá fá lẹ́yìn náà á sì máa gbé ìlà jáde.

Ó mú mi lọ fi han ìyá rẹ̀. Wọ́n wò mí tòkè-tilẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kò ní wọlé àwọn, àwọn ti bá ọmọ àwọn rí tíṣà kan tí yóò fi ṣe ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ìyá kọ́ ló dùn mí jù. Olólùfẹ́ mi wà níbẹ̀, ó tẹrí ba, kò fọhùn.

Mo bínú, mo sì jẹ́ kí ìbínú náà jinná. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ń kan ibùsùn ìgbéyàwó òun àti tíṣà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán. Mo gbá ìṣó wọnú pákó, mo tan ẹ̀rọ, mo tì í wọlé. Ẹ̀rọ ké bí ẹran tí wọ́n ń pa. Mo rọra lọ sílé bí ẹni tó lọ kí ará.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé pákó kan wá bá mi. Ìlà tín-ín-rín kan yọ lójú rẹ̀ láti orí dé ìdí, bí àpá.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni. Kí o lè máa fọwọ́ kàn mí nígbà tí o bá sùn ti tíṣà."

Ó ní bí òun bá sún ọ̀kan nínú àwọn abẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìlà á parẹ́.

"Láti àárọ̀ ni mo ti di sípánà mú, Ayọ̀ mi. Ọwọ́ mi kọ̀."

Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ tíṣà. Ibùsùn náà di tiwa, tìlà-tìlà.

Ìyá kò wá síbi ìgbéyàwó wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró dè wọ́n, kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ wọ́n, tí wọ́n fi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo wẹ̀ wọ́n, mo fi òróró pa wọ́n lára, mo tẹ́ wọn sórí ibùsùn yẹn gan-an. Ibùsùn mẹ́ta ló wà nílé. Èmi ni mo yàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà náà lápá orí ibùsùn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ni èyí lára igi?"

"Orúkọ mi ni, Màámi. Ẹ ní mi ò lè kọ ọ́."

Wọ́n ká ọwọ́ kúrò. Mo fa aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀, mo mú àbẹ́là, mo lọ bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù.