Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ta Létí Títì

Ògiri ni Motúnráyọ̀ bá lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó gba gbogbo iwájú ilẹ̀ bàbá wọn l'Átàn-Ọ̀tà, láti igun dé igun, létí títì Ìdíròkò. Ọkọ̀ tó kó búlọ́ọ̀kù tí Motúnráyọ̀ fẹ́ tà kò lè jáde. Láwàlì, awọnlẹ̀ tó bá wọn pín ilẹ̀ náà, jókòó sórí ògiri náà, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ta ló ní kí o mọ ògiri síwájú iṣẹ́ mi?"

"Ilẹ̀ mi ni, Àǹtí. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó wá ra géètì lọ́wọ́ mi."

Láwàlì yìí ló fi kọ̀ǹpútà pín ilẹ̀ náà nígbà tí bàbá kú. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́, ìdí-igi mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ pín in dọ́gba. Láwàlì da ọ̀rọ̀ dídùn bo àwọn àgbà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àjẹkù di ti ẹni tó pín in. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta ló fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló fún wọn. Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Láti títì, ilẹ̀ náà wọnú lọ́ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀kan tó ṣẹ́ kù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Láwàlì fà á gba iwájú gbogbo wọn.

Motúnráyọ̀ pe ọlọ́pàá. Láwàlì gun ọ̀kadà, òun àti ọlọ́pàá lé e dé Ṣàngó Toll Gate. Láwàlì bẹ́ sílẹ̀, ó sá wọ bọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta, ó forí pamọ́ sábẹ́ àga. Motúnráyọ̀ dúró síwájú bọ́ọ̀sì.

"Dírẹ́bà, bó o bá gbéra, orí mi lo máa gbà kọjá!"

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti Láwàlì bọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Ní àgọ́, Ìbídùn, ọ̀gá ọlọ́pàá, gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Láwàlì síwájú rẹ̀.

"Kí ló dé tí ilẹ̀ fi ṣẹ́ kù?"

"Ẹ̀bi kọ̀ǹpútà ni, Màdáámù. Kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán. Pọ́íǹtì ló ń lò, bí òdo pọ́íǹtì mẹ́ta, mẹ́ta."

Motúnráyọ̀ ti mú ọkùnrin Adó-Odò kan wá, Ògúntóyè, tí Láwàlì fi kọ̀ǹpútà yìí kan náà pín ilẹ̀ fún.

"Láwàlì, mẹ́ta làwa náà pín tiwa sí. Kí ló ṣẹ́ kù ńbẹ̀?"

Ògúntóyè fúnra rẹ̀ dáhùn:

"Kò ṣẹ́ kù rárá! Inú igbó ni tiwa. Kò sí etí títì tó o lè jí."

Ìbídùn fa àga sún mọ́ Láwàlì. "Tẹ ọ̀kan. Fi mẹ́ta pín in. Má sọ ọ́ di pọ́íǹtì, mo ń wo ìka rẹ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan lórí mẹ́ta ló jáde, kò sí pọ́íǹtì kankan.

"Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta."

Ọ̀kan jáde, odindi.

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Sọ̀rọ̀ sókè!"

"Mo mọ̀ pé ó lè fi ìdá sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi ni mo ní kó sọ ọ́ di pọ́íǹtì, kí n lè rí jẹ létí títì. Àǹtí, ẹ ṣàánú mi."

"Èmi kì í ṣe àǹtí olè," ni Motúnráyọ̀ fèsì.

Láwàlì fọwọ́ sí i pé òun dá ilẹ̀ náà padà, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù wó ògiri náà. Nígbà tí ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù jáde, wọ́n hó yèè, ẹ̀gbọ́n Motúnráyọ̀ sì ju òòlù sílẹ̀.

"Ó tó, ọ̀nà ti là."

Motúnráyọ̀ gbé òòlù náà.

"Kò tó. Ẹ wó o tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù."