Ohun Tó Ń Tẹ Ẹ̀yìn Jíìpù Nọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlá, ẹnikẹ́ni ò sì jókòó hun ún. Panẹ́ẹ̀bítà tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá bi í, á ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa wo ojú rẹ̀ bó bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì ni ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í fi ìbínú na irin. Abẹ́ ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀: sípíríìn, ṣọ́ọ̀kì, gbogbo ohun tó ń gba ìyà ojú ọ̀nà mọ́ra kí ìyà náà má baà dé ìdí ẹni tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Wọ́n fún un ní jíìpù gíga kan fún iṣẹ́, òun ló fi ń la odò, tó fi ń gun àpáta, lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ ní àwọn abúlé ẹ̀yìn òkè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó wa jíìpù náà wọ ọgbà tí àbúrò rẹ̀ ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wọlẹ̀, bí ẹran tó fẹ́ jókòó.

“Jẹ́jẹ́, bá mi wò ó. Kò gun òkè mọ́. Ó ń fà sẹ́yìn.”

“Ẹrù wo lẹ máa ń kó, Àǹtí?”

“Kúlà abẹ́rẹ́ kan péré.”

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní sípíríìn ló ti gbó. Ó tú ti àtijọ́ kúrò, ó gbé tuntun sí i, èyí tó nípọn, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn. Ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Nígbà tó sọ jáàkì kalẹ̀, ẹ̀yìn jíìpù dúró ṣánṣán. Panẹ́ẹ̀bítà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tirẹ̀, fò lé bọ́ńpà ẹ̀yìn, ó jó lórí rẹ̀. Kò mì.

“Èyí lè gbé ìyàwó mi àti ẹnu rẹ̀,” ló wí.

Nọ́ọ̀sì dúpẹ́. Ó wọ iwájú. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yìn jíìpù lọ sílẹ̀.

Kò já. Kò ké. Ó rọra lọ sílẹ̀ ni, apá ọ̀tún kọ́kọ́, lẹ́yìn náà apá òsì, bí ìgbà tí èèyàn bá wọlé, tó sún fún ẹni tó tẹ̀lé e. Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Panẹ́ẹ̀bítà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, títí tó fi tán.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀,” Jẹ́jẹ́ wí.

Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gòkè padà. Apá òsì. Apá ọ̀tún.

Panẹ́ẹ̀bítà ní òun gbé nǹkan kaná, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí iná kankan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan gbogbo bóòtù. Gbogbo wọn le dáadáa. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọwọ́ òun ló ṣe àṣìṣe, ó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó wá èyí tó lágbára jù lọ, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ọkọ̀ akókùúta. Ó gé e, ó lu ihò sí i, ó dè é mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé lọ́jọ́ kejì, jíìpù ti ga débi pé ó ní láti di sítíárìn mú kó tó lè gun ún.

Ó jókòó.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ tún lọ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́. Ọ̀tún. Òsì. Ọ̀tún. Òsì. Ó dúró síbi tó wà gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Jẹ́jẹ́. Kì í ṣe pé irin kò lágbára. Bó ṣe ń fi irin kún irin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń pọ̀ sí i. Àyè ló ń ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Ó yí lọ sẹ́yìn. Dígí ti ṣú láti inú, bí ti ọkọ̀ tí èrò kún nígbà òjò. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan. Kúlà abẹ́rẹ́ wà ní kọ̀rọ̀, bí ohun tí wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè gbà. Òórùn aṣọ tí kò rí oòrùn fi gbẹ ló ń jáde. Tìmùtìmù ìjókòó ti wọnú. Ó na ọwọ́ sí i. Ó fa ọwọ́ náà padà.

“Àǹtí, ẹ má lọ.”

“Àwọn ọmọ ń kú lọ́hùn-ún, Jẹ́jẹ́. Mo gbọ́dọ̀ kọjá òkè lónìí.”

“Ẹ ò dá wà nínú ọkọ̀ yìí.”

Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárìn.

“Mo mọ̀,” ó ní.

Omi òjò ń kán láti etí páànù.

“Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n di ẹ̀yìn ìjókòó mi mú. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn wúwo ni.”

“Ta ni wọ́n?”

“Mi ò wo dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn.” Ó mí kanlẹ̀. “Mi ò ní kí o lé wọn. Kí ọkọ̀ ṣáà gun òkè ni mo bẹ̀ ọ́ fún.”

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Jẹ́jẹ́ lè ṣe. Yóò yọ irin náà. Yóò dá ti àtijọ́ padà, kí àyè má baà sí fún wọn. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun sọ̀kalẹ̀ ná. Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yìn jíìpù kò gòkè.

Jẹ́jẹ́ dúró, ó ń wò ó. Kò gòkè. Wọ́n ti jókòó, wọ́n sì fìdí múlẹ̀.

Ó ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀. Ó fi gbogbo àyà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Jáàkì ń kérora, ọkọ̀ kàn fi díẹ̀ gbéra. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó rá wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi sípánà kọ́ nọ́ọ̀tì. Ìgbà náà ló gbọ́ ìró lókè orí rẹ̀. Bàtà ń sún. Ẹnì kan húkọ́, ikọ́ kékeré, bí ti ẹni tí kò fẹ́ dí oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Kò lè tú u. Bó bá tú u, orí àyà òun ni gbogbo wọn máa bọ́ sí. Kò sì lè dè é sí i, ó ti le tó. Ó wà níbẹ̀, ọwọ́ lórí nọ́ọ̀tì, omijé ń ṣàn gba etí rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rí.

“Jẹ́jẹ́, jáde.”

Ó jáde. Nọ́ọ̀sì gbọn ẹrẹ̀ nù lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú pẹ́pẹ́, bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ó yọ jáàkì fúnra rẹ̀. Ó wọlé, ó ṣíná, ó lọ. Jẹ́jẹ́ fẹ́ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ kò dìde. Ó dúró títí tí kò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́, ó sì tún dúró síbẹ̀.

Kò sùn dáadáa ní gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì fi wà lọ́hùn-ún. Ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù kò lọ.

Òwúrọ̀ kan tí oòrùn mú, ó gbọ́ fèrè lẹ́nu ọgbà. Ó sáré. Ó ṣí géètì gbàgà, ó fi ẹ̀yìn tì í kó má baà padà, ó ń fọwọ́ pe ọkọ̀ wọlé, ó ń wí pé, “Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀.” Jíìpù wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga fíofío, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

Nọ́ọ̀sì ti rù, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kọjá òkè. Ó bá àwọn ọmọ kan láyé, kò bá àwọn mìíràn.

“Ọkọ̀ ti fúyẹ́,” ó ní. “Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni.”

“Ibo ló ti fúyẹ́, Àǹtí?”

“Níbí. Mo dúró, mo fọn fèrè, o ṣí géètì, o ń kí mi káàbọ̀. Ó kàn gòkè lábẹ́ mi.”

Jẹ́jẹ́ ṣáà ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ títí nọ́ọ̀sì fi dágbére, tó tún wa ọkọ̀ fífúyẹ́ náà jáde. Kí ni ìbá sọ? Ayọ̀ wà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọgbà dákẹ́. Panẹ́ẹ̀bítà kò tíì dé. Lẹ́bàá ògiri ni àga gbọọrọ tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí wà. Igi rẹ̀ ké wẹ́. Ó tẹ̀ ní ìkángun kan. Ó tẹ̀ dé àárín. Ó rọra tẹ̀ dé ìkángun kejì.

Jẹ́jẹ́ dúró lójú oòrùn, sípánà lọ́wọ́. Kò sí bóòtù kankan tó lè tú lára ohun tó ń wò.

Àwọn oníbàárà ṣì ń wá síbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún wọn. Síbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó, orí ìdúró ni wọ́n máa ń wà.