Ojú Bàbá Lórí Sítáǹpù

Olè wo ló ń wọ ilé ìfìwéránṣẹ́, tí í fi àpótí owó sílẹ̀, tí í gbé òǹtẹ̀ lọ? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gléì, ní ilẹ̀ Tógò, nìyẹn. Jules, akọ̀wé ibẹ̀, lọ jẹun ọ̀sán; kó tó dé, òǹtẹ̀ onírin tó fi ń lu sítáǹpù orí lẹ́tà ti di àwátì. Ilẹ̀kùn kò fọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní Jules gan-an ló jí i, kí wọ́n tì í mọ́lé.

Inspẹ́kítọ̀ Ògúnyínká kò kánjú. Ó rí i pé ẹnìkan ti fi aṣọ funfun bo àwọn sítáǹpù ìrántí tuntun, ó tẹ́ ẹ dáadáa, bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ́ òkú. Àwòrán arúgbó kan ló wà lára wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn Jámánì fi ipá kó ru irin ní Kamina nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò wọn síbẹ̀ láyé àtijọ́. Laurent ayàwòrán ló kọ́kọ́ kùn ún sára ògiri ìkòríta Atakpamé, kí wọ́n tó sọ ọ́ di sítáǹpù.

Laurent yìí ti wá jà níbẹ̀ lánàá, pé wọn ò kọ orúkọ òun sí i. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni ọ̀gá Jules wí. Irọ́ ni, Lomé ni Laurent wà lọ́sàn-án tí òǹtẹ̀ sọnù, èèyàn púpọ̀ sì rí i. Ògúnyínká bi í pé ojú ta ló yà. Ó ní fọ́tò tí òun yá lọ́wọ́ Àpọ̀kẹ́, àgbẹ̀ obìnrin kan ní Kamina, ni òun wò. Jules wá rántí obìnrin ará Kamina kan tó mú lẹ́tà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí òun ṣe gbé òǹtẹ̀ sókè láti lu sítáǹpù arúgbó náà ni obìnrin yẹn di òun lọ́wọ́ mú. Òun rò pé orí rẹ̀ dàrú, òun sì lu òǹtẹ̀ náà síbẹ̀síbẹ̀.

Wọ́n bá Àpọ̀kẹ́ níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Jules jókòó sínú mọ́tò, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá," ni Ògúnyínká wí. "Olè kì í da aṣọ bo ohun tí kò jí. Ẹni tó ń bo òkú ara rẹ̀ ló ṣe é. Jules jẹ́wọ́ pé òun ò ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ yìí."

Àpọ̀kẹ́ wo Jules títí. Ó wọlé, ó gbé òǹtẹ̀ náà jáde.

"Bàbá bàbá mi ni. Pàṣán ni wọ́n fi nà án lójú ní ibi iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ́ ẹ sí, inú mi dùn, mo gbé fọ́tò kalẹ̀. Àṣé kí wọ́n lè tún máa fi òǹtẹ̀ gbá a lójú lójoojúmọ́ ni. Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń gbá àgbà lójú níbi tí wọ́n ti bí ọ?"

Ọmọ Datcha, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, ni Ògúnyínká; Yorùbá Ifẹ̀ ti Tógò lòun náà, bíi ti Àpọ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

"Rárá, ìyá. Ṣùgbọ́n òfin ni."

"Àwọn tó nà án náà sọ bẹ́ẹ̀."

Ògúnyínká lọ síbi mọ́tò. Ó tú Jules sílẹ̀, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà sí Àpọ̀kẹ́ lọ́wọ́.