Ẹni Tí Wọn Ò Pè Padà

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ọyẹ́ mú débi pé àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lórí yunifásítì Òkè-Ìmọ́ tanná lójúmọmọ. Nínú gbọ̀ngàn eré, Láoyè káfíńtà jókòó lẹ́yìn ilé pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí ìtàgé. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe.

Ohun tín-ín-rín kan bo orí Ìbídùn, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Ìborí-Ẹ̀dá ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á fi oṣù mẹ́ta há ọ̀rọ̀ eré sórí, á máa kọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sunkún. Ìborí yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ ohunkóhun. Á da ìgbé ayé ẹni inú eré sọ́kàn òṣèré, á sì gbé ti òṣèré fúnra rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò kan títí eré á fi parí. Ìbídùn lẹni àkọ́kọ́ tó dé e.

Ó di Fẹ́hìntọlá, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ lọ wa kùsà nínú òṣùpá tí kò padà wálé. Nígbà tó bú sẹ́kún, àwọn olùdánwò gbàgbé bírò lọ́wọ́.

Eré parí, àtẹ́wọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Láoyè dìde. Àṣà kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ: kí òṣèré tó bọ́ aṣọ eré, ẹnìkan á pe orúkọ rẹ̀ gan-an láti ẹ̀yìn ìtàgé lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà á sì jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Láoyè ti ń pè wọ́n. Ó la ẹnu.

"Ẹ dákun, Bàbá Ìbídùn." Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlárìn, obìnrin tó ṣe ìborí náà, na ọwọ́ sí i. "Ẹ má pè é. Ariwo á da ẹ̀rọ rú. Ìgò ló máa dá a padà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni, mà."

"Bàbá, pákó lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mọ ti orí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Láoyè, tí kò kàwé kọjá píráímárì kẹrin, pa ẹnu dé. Ta ni òun tí òun á máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn?

Ìmọ́lẹ̀ inú ìgò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Wọ́n ṣí ìborí kúrò.

"Ìbídùn," ni Láoyè wí.

Ọmọ náà kò jẹ́. Ó ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀, níbi tí òòlù ti gbé bà á lọ́dún tó ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń wo àpá náà bí ẹni tó rí i lára ẹlòmíì.

"Ìbídùn! Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi!"

Ó yíjú, ó sì kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kí àlejò. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ṣé ẹ̀yin náà ti òṣùpá bọ̀ ni? Ẹ bá bàbá mi níbẹ̀?"

Ohùn yẹn kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìgò sókè, ó mì ín. "Ó ṣófo. Ìgò tú Ìbídùn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é kó mọ ibi tó máa gbà wọlé." Kò lè wojú Láoyè. "Ǹ bá ti jẹ́ kí ẹ pè é, Bàbá. Ǹ bá ti jẹ́ kí ẹ pè é."

"Ẹ tún un ṣe, mà."

"Kò ku ohun tí a ó tún ṣe."

Ọmọbìnrin náà ti lọ jókòó sínú ilé pákó, ó dojú kọ ilẹ̀kùn. "Mi ò ní jẹun," ló wí, "mi ò sì ní kúrò níbí, àfi tí bàbá mi bá dé."

Gbogbo ojú wà lára Láoyè. Kò ṣeré rí láyé rẹ̀.

Ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára aṣọ. Ó gba ẹ̀yìn ìtàgé, ó yí ilé náà po, ó sì kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta.

"Fẹ́hìntọlá," ló wí. "Ṣílẹ̀kùn, ọmọ mi. Mo ti dé."